Ibo ni mo ti lè bẹ̀rẹ̀ tí mo bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn yíká ibi tí Wọlé Ṣóyínká ti ṣe kékeré?

Aké l'Ábẹ́òkúta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé ìjọ náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń lo ọgbà yìí, nítorí náà ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó wọlé.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ààfin Aláké. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti fẹ̀hónú hàn lórí owó orí ní 1947, Ṣóyínká sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Aké (1981).

Ẹ wá gun Olúmọ. Afinimọ̀nà wà níbẹ̀ tó ń múni gba àárín àpáta dé òkè, níbi tí ẹ ó ti rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ salalu nísàlẹ̀. Lásìkò òjò, àpáta máa ń yọ̀.