Nípù bíréèkì ẹ̀yìn tó gan lára Hilux àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n tó ń fi Hilux ọdún 1994 kó oúnjẹ adìẹ láti Ọlọ́dọ̀, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú. Mẹkáníìkì yín fẹ́ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, àmọ́ nípù ẹ̀yìn méjèèjì, ìyẹn ìdè kékeré oníhò tí wọ́n ń ṣí kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ti gan, ó sì ti jẹ orí ọ̀kan níbi tó ti ń fi tipátipá yí i. Ló bá tú ti iwájú nìkan, ó ní iwájú ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè máa gbé e jáde bẹ́ẹ̀.

Rárá o. Irú ọkọ̀ yìí náà ni mo fi ń kó ẹrù wá sí Bódìjà, ojú mi sì ti rí màbo lọ́wọ́ nípù ẹ̀yìn rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí mẹkáníìkì yẹn sọ: tí ọkọ̀ bá ṣófo, iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àmọ́ ẹ̀yin kì í gbé òfìfo. Tí ẹ bá ti to àpò kún ẹ̀yìn, táyà ẹ̀yìn ló ru ẹrù yẹn, ó sì yẹ kó bá iwájú pín nínú iṣẹ́ ìdúró. Tí kò bá pín in, iwájú nìkan ni yóò máa gbóná. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó sí Bẹẹrẹ lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá iwájú nìkan tó.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá nípù jà, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tí pẹ́dà bá rọ̀ bíi tìmùtìmù lábẹ́ ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ nìyẹn, torí afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀. Àmọ́ tó bá wọlé jìnnà nígbà àkọ́kọ́, tó wá le gbagidi nígbà kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣúù ẹ̀yìn, èyí tó ń há mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù tó ń bá táyà yí, ló ti jìnnà sí i. Lára Hilux yìí, fífa háńdì bíréèkì ló ń mú kí ṣúù máa sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù bó ṣe ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ akẹ́rù mélòó ni háńdì bíréèkì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Ìbàdàn yìí? Òkúta abẹ́ táyà ni háńdì bíréèkì tiwa. Nítorí náà, ẹ jáàkì ẹ̀yìn, ẹ fi igi dí táyà iwájú, ẹ yọ dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ wo bí ṣúù ṣe rí.

Níbi tí ẹ ti yọ dúrọ́ọ̀mù náà, ẹ fi ẹnu sikurudíráfà ká rọ́bà ẹnu wíìlì sílíńdà, ìyẹn èyí tí ọ́ìlì fi ń ti ṣúù, sókè díẹ̀. Tí abẹ́ rẹ̀ bá ti rin fún ọ́ìlì, ẹ má wulẹ̀ fi nípù da ara yín láàmú mọ́. Sílíńdà yẹn ti ń jo, tuntun lẹ máa rà, tuntun sì máa ń bá nípù tirẹ̀ wá. Èmi gan-an, kì í pẹ́ kí n tó gba ọ̀nà yìí báyìí, torí owó tí èèyàn ń ná lórí gáàsì, wẹ́dà àti ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣòfò máa ń fẹ́ ju owó sílíńdà lọ. Kálípà iwájú, èyí tó ń fún bíréèkì iwájú mú, ló yẹ kí èèyàn forí ṣe fọrùn ṣe fún, torí òun ló wọ́n.

Nípù yẹn kò ṣàdédé gan. Rọ́bà kékeré tó yẹ kó dé e lórí ti já sọnù tipẹ́, ẹrẹ̀ àti omi òjò wá ń wọ ihò rẹ̀ lọ dé ìdí, tí irin fi dípẹtà mọ́ irin. Kò sì sẹ́ni tó tú u láti ọdún gbọọrọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń bu ọ́ìlì kún un lókè ṣáá, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń di ẹrẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìlànà DOT 3, tó jẹ́ ọ̀kan lára ìpele ọ́ìlì bíréèkì, ni pé tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, àmọ́ tí omi bá ti wọ̀ ọ́, 140°C péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bíréèkì tí ẹ tẹ̀ tẹ̀ tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ Òkè Arẹ̀mọ lè gbóná dé ibẹ̀. Tó bá hó, ooru rẹ̀ di afẹ́fẹ́ nínú páìpù, pẹ́dà á sì wọlé lójijì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí wọ́n fi ọ́ìlì ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ ká wá mú nípù fúnra rẹ̀. Ihò wà láàárín rẹ̀ látòkè, nítorí náà kò lágbára tó bó ṣe rí lójú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé sípánà ẹlẹ́nu gbangba sí i, kí wọ́n má sì lo ríìngì onígun méjìlá. Ohun tó jẹ orí ọ̀kan yín nìyẹn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà tó bá a mu gẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdí rẹ̀ títí irin á fi hàn, kí ẹ tó fi ohunkóhun rin ín, torí ọ́ìlì kò lè gba inú ẹrẹ̀ wọlé.

Èyí tí wọ́n ń tà ní agolo fún títú nọ́ọ̀tù tó gan dára. Tí ẹ kò bá rí i, ATF (ọ́ìlì jíà ọkọ̀ tó ń yan jíà fúnra rẹ̀) àti asitóònù tí wọ́n fi ń nu èékánná, dọ́gba-dọ́gba, máa ń wọlé dáadáa. Ẹ mì ín kí ẹ tó kán an, torí wọn kì í fẹ́ pò pọ̀, kí iná má sì sún mọ́ ọn rárá. Kẹrosínì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn kò burú, ó kàn ń lọ́ra ni. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa kán an sí ìdí nípù níta, torí irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ máa ń wú rọ́bà inú bíréèkì tó bá dé ibẹ̀. Ẹ kán an lálẹ́, ẹ kán an láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe bíi ọjọ́ mélòó kan.

Láàárín ìgbà yẹn, ẹ wá ẹnu dírílì àtijọ́ kan tí yóò há sínú ihò nípù náà wẹ́kú, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ tó dán bọ inú ihò, kí ẹ wá fi òòlù kékeré gbá a lórí, kó, kó, kó. Kì í ṣe pé kí ẹ fọ́ ọ o. Irin tó wà nínú ihò ni kò ní jẹ́ kí nípù fún pọ̀, ìró òòlù náà ló sì ń fọ́ ìpẹtà tó wà ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìlà tí nípù fi ń yí wọlé. Ẹ gbá ara sílíńdà náà yíká pẹ̀lú.

Tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ kọ́kọ́ yí i le díẹ̀, bí ẹni fẹ́ dè é sí i, kí ẹ tó yí i padà. Ibi tí ẹ ti máa lo etí nìyí. Nípù tó fẹ́ gbọ́ràn máa dún “kẹ́ẹ̀” lẹ́ẹ̀kan, yóò sì mì. Ẹ má wá yọ̀ kí ẹ máa tú u lọ: ẹ yí i síwá, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ kán ọ́ìlì sí i, bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ṣí wẹ́rẹ́. Àmọ́ tí ẹ bá ń yí i tó ń tẹ̀lé yín wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdún, tí ọwọ́ yín sì mọ̀ ọ́n pé ó ń lọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Ó ń lọ́ nínú ara rẹ̀ ni, díẹ̀ ló kù kó kán.

Iná ló kù. Mi ò fẹ́ iná lára wíìlì sílíńdà, torí rọ́bà inú rẹ̀ kò lè gbà á. Tó bá jẹ́ kálípà, ẹ tú u kúrò lára ọkọ̀, ẹ yọ písítìn àti rọ́bà rẹ̀, kí ẹ da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù, torí ọ́ìlì bíréèkì máa ń gbiná. Tí ẹ bá ti fi kẹ́míkà agolo tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Àwọn míì nínú wọn ní kòróríìnì nínú, tí iná bá kàn án, gáàsì olóró ló máa ń dà. Àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ní tọ́ọ̀ṣì gáàsì kékeré tó dára fún iṣẹ́ yìí ju iná ńlá wẹ́dà lọ. Ara kálípà ni kí wọ́n dá iná sí, kì í ṣe nípù. Tó bá ti gbóná, ẹ fi àbẹ́là kan ìdí nípù. Ìda rẹ̀ á yọ́, á sì wọ tẹ́rẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sí i. Tó bá wá kán, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè jó nọ́ọ̀tù mọ́ kùkùté rẹ̀, ooru ìjó yẹn fúnra rẹ̀ sì máa ń ràn yín lọ́wọ́ láti tú u. Fún wíìlì sílíńdà, ẹ má ṣe wàhálà yẹn.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún èèyàn kó tó lọ ra sílíńdà: nọ́ọ̀tù páìpù bíréèkì tó wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti gan ju nípù lọ. Tí ẹ bá yí i tí páìpù ń bá a yí, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ fi oògùn inú agolo yẹn rin òun náà. Tó bá kọ̀, ẹ gé páìpù, kí wọ́n ṣe tuntun. Páìpù irin ti bíréèkì ni kí ẹ gbà. Àwọn kan máa ń fi kọ́pà fíríìjì ṣe é. Kọ́pà lásán kò fara da ìgbọ̀nrìrì, ó máa ń sán nígbà tó bá yá.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé kí ẹ tú afẹ́fẹ́ náà láti ẹnu páìpù dípò nípù. Ó lè gbé yín délé. Àmọ́ nípù ló wà lókè pátápátá lára sílíńdà, páìpù wà nísàlẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì máa ń gun òkè. Èyí tó wà lókè yẹn kò ní jáde.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti ṣí, ẹ yẹ ọ́ìlì tí ẹ rà wò kí ẹ tó dà á. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, àní ní Àrárọ̀mí ní Gate tí gbogbo wa ń ná. Ẹ kán díẹ̀ sínú omi nínú ife: DOT 3 tàbí DOT 4 gidi máa ń bá omi pò. Tó bá léfòó, ẹ má jẹ́ kó dé inú bíréèkì yín. Bóyá ọ́ìlì lásán ni, yóò sì wú gbogbo rọ́bà láti màsítà, sílíńdà tí pẹ́dà ń tì, dé táyà. Bóyá sì ni DOT 5 tó jẹ́ sílíkónì, òun náà kò bá tiyín mu.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, torí òun ló jìnnà jù sí màsítà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Tí ẹ bá rí fídíò tó ní ẹ̀yìn òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ẹ fi rọ́bà tóóró tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, bọ ẹnu nípù, kí ẹ ri ìdí kejì sínú ọ́ìlì nínú ike. Ẹni tó wà lórí pẹ́dà máa tẹ̀ ẹ́, á sì dì í mú. Ẹ ṣí nípù, ẹ dé e, kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ fi pákó kékeré sí abẹ́ pẹ́dà. Màsítà tó ti gbó kì í fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, torí ìpẹtà tó wà níbi tí rọ́bà rẹ̀ kì í sábà dé lè ge rọ́bà náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ́ìlì tán nínú ike òkè láé, tó bá tán ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ta sára kíkùn ọkọ̀, ẹ tètè fi omi ṣàn án, ó máa ń bó ọ̀dà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo òkè áséẹ̀lì ẹ̀yìn. Fáàfù kan wà níbẹ̀ tó ní ọ̀pá gígùn, tó ń wọn ẹrù kó tó pinnu iye agbára tí bíréèkì ẹ̀yìn máa gbà. Òun náà ní nípù tirẹ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í sì rántí rẹ̀; afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nìkan lè mú kí gbogbo iṣẹ́ yìí dà bí èyí tí a kò ṣe. Ẹ jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, torí tí áséẹ̀lì bá so rọ̀, fáàfù náà á rò pé ọkọ̀ ṣófo. Bí wọ́n bá ti yọ ọ̀pá náà dànù lára tiyín, ẹ sọ fún mi, torí ọ̀rọ̀ máa yí padà nìyẹn. Ẹ tún sọ bí abẹ́ rọ́bà sílíńdà ṣe rí nígbà tí ẹ bá ká a, gbẹ tàbí rin, ọ̀tún tàbí òsì.