Omi ń kán lù wá nínú kárafáànì, òjò ò sì rọ̀

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú òjò yìí o. A ra kárafáànì kékeré kan, ilé onítáyà méjì tí jíìpù ń fà lẹ́yìn. Tòkunbọ̀ ni. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ìbejì wa la máa ń sùn nínú rẹ̀ tí a bá lọ ṣeré létí òkun lápá Àgbádárìgì. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, ọ̀sán nìkan lòjò rọ̀, ó ti dá kí ilẹ̀ tó ṣú. Síbẹ̀, nígbà tó di ìdájí, omi ń kán láti òkè lù wá, gíláàsì fèrèsé ń ṣàn, abẹ́ fóòmù sì tutù rinrin. Oníṣẹ́ tí mo gbé e hàn ní òrùlé ló ń jò. Ó fi sílíkónì kun gbogbo ojú oríkèé òkè, ó gbowó rẹ̀, nǹkan kan ò yàtọ̀. Ìyàwó mi ní kí n kúkú tà á. Kí ni kí n ṣe?
Bàbá Ìbejì, Èbúté-Mẹ́tta

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, Èdùmàrè á wò wọ́n. Ẹ má tíì ta kárafáànì yín. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí kò jọ jíjò. Òrùlé tó bá ń jò, ojú kan ló ti máa ń jò, ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ló sì máa ń jò, á tún fi ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀ lára pákó níbi tí omi gbà kọjá. Tiyín kún gbogbo òkè, ó kún gíláàsì, ìdájí ló sì ń le jù. Inú ilé níbẹ̀ ni omi yẹn ti wá. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ mí in jáde.

Tí èèyàn kan bá sùn mọ́jú, omi tó ń bá èémí àti òógùn rẹ̀ jáde lè tó kọ́ọ̀pù kan. Ẹ̀yin sì jẹ́ mẹ́rin. Ẹ tún rántí bóyá inú ilé lẹ ti dáná lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí pé ilẹ̀ ìta tutù. Gáàsì tí a fi ń dáná, omi wà nínú ohun tó ń dà tó bá jó: kílò gáàsì kan tó bá jó tán, omi tó lé ní kílò kan àbọ̀ ló ń tú sínú afẹ́fẹ́, ká má tíì sọ oru tó ń jáde lára ìkòkò fúnra rẹ̀. Tí aṣọ ìwẹ̀ àwọn ọmọ bá tún wà lórí okùn nínú ilé, gbogbo omi tó gbẹ lára aṣọ yẹn, afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí ló gbà á. Ilé kékeré báyẹn, tí ẹ ti ti fèrèsé rẹ̀ pa, ibo lomi fẹ́ gbà jáde? Bí òru ṣe ń jinlẹ̀, páànù ìta ń tutù sí i. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ilé lọ kan páànù tútù yẹn, ó di ìrì, ìrì kóra jọ, ó kán. Kò sí sílíkónì tó lè dí èémí èèyàn.

Tí ẹ bá fẹ́ kó dá yín lójú, ẹ gé ọ̀rá funfun tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ nu òkè gbẹ níbi tó ti máa ń kán, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá náà mọ́ ọn yíká yíká. Tó bá di àárọ̀, ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọjú sí yín lomi wà, èémí yín ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, láàárín òun àti òkè, a jẹ́ pé oníṣẹ́ yẹn kò purọ́, ó ń jò lóòótọ́.

Ojú afẹ́fẹ́ méjì ni kí ẹ máa ṣí sílẹ̀ mọ́jú, òjò ìbáà máa rọ̀: ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, kí wọ́n má ṣe wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Kó ṣí tó ìbú ọwọ́ kan ti tó. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí àwa ará Èkó máa ti fèrèsé pa, ẹ̀fọn ni. Nẹ́ẹ̀tì loògùn ẹ̀fọn, kì í ṣe gíláàsì. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń gé ní yáàdì, kí télọ̀ gbá etí rẹ̀, kí ẹ kàn án mọ́ ojú fèrèsé kí nẹ́ẹ̀tì náà má lè ṣí rárá. Tí ẹ bá ní fáànù kékeré oníbátìrì, ojú ihò òkè ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kó máa ti afẹ́fẹ́ inú jáde. Ara wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ fáànù sí. Ara á tù wọ́n, omi inú ilé á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ yẹ abẹ́ fóòmù wò. Tí ẹ bá tẹ́ ọ̀rá tàbí rọ́bà sábẹ́ rẹ̀ kí fóòmù má baà bàjẹ́, òun gan-an ló ń bà á jẹ́. Òógùn ń gba inú fóòmù lọ sísàlẹ̀, ó pàdé rọ́bà, ó dúró síbẹ̀, fóòmù hu. Àlàfo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kí káfíńtà to pákó tín-ín-rín tín-ín-rín, kó fi àyè ìka méjì sáàárín wọn. Láàárọ̀, ẹ gbé fóòmù nàró, kí abẹ́ rẹ̀ rí afẹ́fẹ́. Ẹ fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ àwọn ìbejì.

Ó wá ku ohun tó tutù láti ìta, èyí tí mo fẹ́ràn láti máa sọ jù, nítorí tapólì ni mo fi ń jẹun ní Múṣin kí n tó máa kọ̀wé. A rán an fún ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, a rán an fún oníkánópì. Ẹ ta tapólì kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kárafáànì lápá ẹnu ọ̀nà, kí abẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó yàrá. Ohun tó bá tutù, abẹ́ tapólì lópin ìrìn rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà: bàtà, agboòrùn, táwẹ̀lì, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ pàápàá. Kí Ìyá Ìbejì ta ìró kan sí igun kan, ibẹ̀ ni kí gbogbo yín ti máa pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó wọlé. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni ẹ ṣe nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ, ìyàtọ̀ á ti hàn sí yín.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí tapólì náà tẹ́jú. Igun kan gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju àwọn yòókù, kí omi òjò mọ ibi tó máa gbà. Tí omi bá rí ibi dúró láàárín rẹ̀, ibẹ̀ á máa jìn sí i. Ìwọ̀n omi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì péré tó bá dúró lórí rẹ̀, kílò 50 nìyẹn, odidi àpò sìmẹ́ńtì kan lórí òpó tín-ín-rín tí àwọn ọmọ yín ń sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Aṣọ tó bá ti wọ òkun, ẹ kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ ṣàn án kí ẹ tó sá a. Àwọn tí kò mọ èyí ló máa ń sọ pé aṣọ etí òkun kì í gbẹ. Ẹ mú ṣòkòtò pénpé ọmọ kan tó wọ òkun, tí ẹ sá sóòrùn láì ṣàn án. Nígbà tó bá di ọ̀sán, ó ti gbẹ, ó le gbagidi, ẹyọ iyọ̀ wẹ́wẹ́ ń dán lójú rírán rẹ̀. Ẹ gbé e wọlé. Nígbà tó bá fi di alẹ́, ẹ fọwọ́ kàn án, ó ti rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò da omi sí i. Iyọ̀ yẹn ló ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á sì máa fà á ní gbogbo alẹ́ tó bá ti wà lára aṣọ. Búkẹ́ẹ̀tì omi kan ti tó láti ṣan ti ẹni mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ táwẹ̀lì gbígbẹ, ẹ tẹ́ aṣọ tútù lé e, ẹ ká méjèèjì pọ̀, kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín wá fún un láti orí dé ìdí. Táwẹ̀lì á gba èyí tó pọ̀ nínú omi yẹn kí aṣọ tó dé orí okùn. Jíǹsì, ẹ fi í sílé. Kì í gbẹ bọ̀rọ̀ nínú òjò.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi ní tí òjò bá pa wá, kí n gbé àdògán èédú tó ti jó pupa wọ inú kárafáànì, pé kò léèéfín mọ́, aṣọ á gbẹ, ara àwọn ọmọ á sì móoru. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?
Òǹkàwé yín, Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò.

Èédú tó ti pupa tí kò rú èéfín mọ́ ṣì ń tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í ta èèyàn lójú. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara á gba òun mọ́ra dípò afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá jí lójú oorun lè mọ̀ ọ́n lára, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ nǹkan kan. Inú yàrá ńlá ló ti ń pa èèyàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ inú ilé kékeré tí àwọn ọmọ sùn sí. Fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ kò ní kí ẹ gbé èédú wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni sítóòfù gáàsì tí àwọn kan máa ń tàn kí ilé lè móoru.

Jẹnẹrétọ̀ náà ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń gbé e sábẹ́ tapólì lẹ́bàá ilẹ̀kùn kí òjò má baà pa á. Ẹ gbé e jìnnà, ó kéré tán mítà mẹ́fà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Tí òjò ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ lè tàn án níbẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ lo tọ́ọ̀ṣì. Tí orí bá sì ń fọ́ ẹni méjì nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wá oògùn, ẹ kó gbogbo èèyàn jáde sínú afẹ́fẹ́, òjò ìbáà máa rọ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Aṣọ tútù kò léwu tó gáàsì yẹn. Ẹ nu ara wọn gbẹ, ẹ wọ aṣọ gbígbẹ fún wọn, ẹ fún wọn ní nǹkan gbígbóná mu. Ọ̀rá tí ẹ so lẹ́nu gírígírí, tí aṣọ gbígbẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn títí di alẹ́, ìyẹn ló ń mú ara ọmọ móoru.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré ni mo fi sínú tèmi. Tí mo bá pa á láàárọ̀ tí mo ṣílẹ̀kùn, gbogbo nǹkan á tutù: gíláàsì, ṣíbí, fóònù. Mo ti fi kánfọ̀ sí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, òórùn aṣọ tó hu ò lọ.
Ọmọ Sùúrùlérè

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, nígbà tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́, inú ilé gbẹ dáadáa, nítorí ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ jáde. Ìgbà tí o ṣílẹ̀kùn ni afẹ́fẹ́ Èkó rọ́ wọlé, ó pàdé ṣíbí tútù, ó di omi lára rẹ̀. Pa ẹ̀rọ náà ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí o tó jáde, kí ohun inú ilé ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ kí o tó ṣílẹ̀kùn. Má sì jẹ́ kó tutù ju bó ṣe yẹ lọ lóru.

Kánfọ̀ ń lé kòkòrò, kì í mu omi. Àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun ló ń mu omi, àmọ́ inú àpótí tí a dé pa nìkan ló wúlò, bíi ti kámẹ́rà tàbí ìwé. Kí o kó o sínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ ṣí nínú oṣù kẹfà, ìyẹn ni kéèyàn máa fi ṣíbí gbọ́n ọ̀sà. Aṣọ tó ti hu, ọṣẹ àti oòrùn ni, kọ́bọ́ọ̀dù náà sì gbọ́dọ̀ ní ihò lẹ́yìn tàbí kó má ṣe fara kan páànù ìta.

ÌBÉÈRÈ: Kárafáànì wa máa wà nínú ọgbà ní Yábàá títí òjò fi máa lọ. Ṣé kí n fi tapólì dì í?
Àǹtí, Yábàá

ÌDÁHÙN: Ẹ má dì í, Àǹtí. Tapólì tó bá lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ á há ọ̀rinrin mọ́lé, á sì máa ha ọ̀dà rẹ̀ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Ẹ ta á sókè rẹ̀ bí òrùlé, kí àyè wà láàárín. Ẹ kó fóòmù àti kọ́tìnì wọ ilé, ẹ ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, ẹ fi òkúta gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí omi má baà dúró lórí. Tí ìsinmi òjò oṣù kẹjọ bá dé, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé rẹ̀ sóòrùn, torí òjò ń padà bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án.

Ìgbà yẹn náà, tàbí ìgbà ọyẹ́, ló yẹ kí ẹ tún oríkèé òkè rẹ̀ ṣe, nítorí sílíkónì kì í mú ojú tó tutù, kì í sì í mú ojú sílíkónì àtijọ́. Kí wọ́n fi abẹ ha èyí tó wà níbẹ̀ kúrò tán pátápátá. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ wọlé, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ pákó ní gbogbo igun, lókè àti nílẹ̀. Ibi tó bá rì lábẹ́ ìka yín ti jẹrà nínú, káfíńtà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè sí ìyẹn.