Èsì: Mímú ajá lọ síbi tí a ti ń lu gìtá pẹ̀lú ọ̀rẹ́

Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ mú ajá yín dání lọ sílé ọ̀rẹ́ tuntun tí ẹ jọ ń lu gìtá, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ti lé ní ẹni 60 ọdún, tí òun náà sì ní ajá tirẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ajá náà kọ́kọ́ pàdé níta, kí ẹ jọ rìn díẹ̀, nítorí pé ajá a máa ṣọ́ inú ilé rẹ̀ gan-an.

Etí ajá mú ju tiwa lọ: ó ń gbọ́ ìró tó tínrín tó nǹkan bí 45,000 Hz (ìyẹn iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), nígbà tí tiwa kì í sábà kọjá 20,000, tí ọjọ́ orí sì tún ń dín in kù. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ gìtá tí kò lo iná. Bí oríkèé ìka bá ń ro yín, okùn gìtá ti ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) rọni lọ́rùn ju ti irin lọ. Ẹ sì ṣa gbogbo ṣóńṣó okùn tí ẹ bá gé, kí ó má gún ajá lẹ́sẹ̀.

Ọdún 11 ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fi ń ṣe èyí. Ajá mi a gbé àgbọ̀n lé bàtà ọ̀rẹ́ mi, bí orin bá dáwọ́ dúró, a gbójú sókè wò ó. Nígbà tí ajá náà kú, ọ̀rẹ́ mi wá, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ajá tó ṣófo náà, ó tún okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe, ó sì dúró kí n bẹ̀rẹ̀.