Báwo la ṣe ń ka ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Coventry ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé. Wọ́n fún àbíkẹ́yìn mi níṣẹ́ níléèwé pé kó wádìí bí àwọn ará àdúgbò ṣe gbé ayé wọn láyé àtijọ́, wọ́n sì fi àwòrán ojú ìwé mẹ́rin láti inú ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́. Látìn wà nínú òmíràn. Níbì kan, oṣù kìíní tẹ̀ lé oṣù kejìlá, síbẹ̀ ọdún ò yí. Wọ́n tún kọ lẹ́tà P sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn kan. Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí? Ṣé ohunkóhun tilẹ̀ wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó kan àwa Yorùbá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọmọ títọ́, ìyá wa. Iṣẹ́ òòjọ́ mi nìyí: mò ń bá àwọn ìdílé wá orúkọ àwọn baba ńlá wọn nínú irú ìwé wọ̀nyí. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kó má wá orúkọ kan ṣoṣo kó sì pa ìwé dé. Kó ka gbogbo ojú ìwé náà, títí kan ohun tí akọ̀wé há sí ẹ̀gbẹ́ ìlà. Ibẹ̀ gan-an ni ìgbé ayé àdúgbò wà.

Ọdún 1538 ni Thomas Cromwell, tó ń ṣiṣẹ́ fún Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ ní England ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí. Ọjọ́ Ìsinmi ni kí àlùfáà máa kọ ọ́, lójú àwọn wọ́ọ̀dìnì, ìyẹn àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n yàn láti máa bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì. Inú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ méjì ni kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ àlùfáà, kí èkejì wà lọ́wọ́ àwọn wọ́ọ̀dìnì. Pépà ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n sì bàjẹ́. Nígbà tó di 1598, wọ́n ní kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣe àdàkọ wọn sórí awọ, pàápàá láti 1558 tí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní gorí ìtẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé ọ̀pọ̀ ìjọ fi bẹ̀rẹ̀ ní 1558 gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n mú Stratford-upon-Avon tí kò jìnnà sí yín. Nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity níbẹ̀, lọ́jọ́ 26 oṣù kẹrin 1564, akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin: *Gulielmus filius Johannes Shakspere*. William, ọmọ John Shakspere. Kò kọ orúkọ ìyá, kò kọ ọjọ́ ìbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ èyí mọ́ ọmọ létí: ìsàmì ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ ìbí. Àbá ni ọjọ́ 23 tí gbogbo ayé fi ń ṣe ọjọ́ ìbí William yìí, ìyẹn Shakespeare òǹkọ̀wé eré, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ sàmì. Ní ti Látìn, ọ̀rọ̀ mélòó kan ló ń padà wá: *filius* ni ọmọkùnrin, *filia* ni ọmọbìnrin, *uxor* ni aya, *vidua* ni opó. Ọmọ yín á mọ̀ wọ́n lórí kó tó ilẹ̀ ọjọ́ kan ṣú.

Ẹ wá ṣí ìwé ìsìnkú ìjọ kan náà. Lóṣù keje 1564, wọ́n sin ọmọ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Oliver Gunne, akọ̀wé sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tì í: *Hic incepit pestis*. Ibí ni àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ̀rẹ̀. William kò tíì pé oṣù mẹ́ta láyé nígbà náà. Àwọn tí wọ́n sin kí ọdún yẹn tó parí lé ní 200, nínú ìlú kékeré. Mo ti ka irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá rí i tí orúkọ ìdílé kan tẹ̀ léra wọn lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti ọdún tí kò yí, akọ̀wé kò ṣe àṣìṣe. Títí di 1751, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin England. Oṣù kìíní àti oṣù kejì ṣì wà nínú ọdún tó ń lọ. Shakespeare bí ìbejì, Hamnet àti Judith, abẹ́ ọdún 1584 ni ìsàmì wọn sì wà, lọ́jọ́ 2 oṣù kejì. Nínú ìṣirò tiwa, 1585 ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìyá wọn bí ìbejì láìpé oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìsàmì Susanna, ẹ̀gbọ́n wọn, tó wáyé lóṣù karùn-ún 1583. Kí ọmọ yín máa kọ ọ́ báyìí: 1584/5. Ó dùn mí pé ìwé náà kò sọ èwo ni Táíwò nínú àwọn méjèèjì. Hamnet ni wọ́n sin lóṣù kẹjọ 1596, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọn ò kọ ohun tó pa á.

Owó ló bí lẹ́tà P, bí ojú ìwé yín bá bọ́ sí àárín 1783 sí 1794. Nígbà yẹn, ìjọba ń gba pẹ́nì mẹ́ta lórí ìsàmì, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, wọ́n sì yọ àwọn tálákà sílẹ̀. *Pauper*, ìyẹn tálákà, ni P yẹn. Àmọ́ kí ọmọ má ṣe kánjú kà wọ́n sí tálákà pátápátá. Àwọn àlùfáà kan fi P ṣàánú àwọn ará ìjọ wọn. Bí ẹ bá rí *affid.*, ìyẹn affidavit, ìbúra tí wọ́n kọ sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsìnkú, òfin aṣọ irun àgùntàn nìyẹn. Láti ran òwò irun àgùntàn lọ́wọ́, òfin ní aṣọ irun àgùntàn nìkan ni kí wọ́n fi di òkú, kí ẹnì kan sì wá búra pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á san pọ́ùn márùn-ún. *Base* ni wọ́n ń kọ sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lọ́kọ. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ẹ má pa á mọ́. Ìjọ ló ń bọ́ aláìní àdúgbò rẹ̀, nítorí náà wọ́n fẹ́ mọ bàbá tí yóò gbọ́ bùkátà ọmọ.

Láti 1754 ni tọkọtaya àti ẹlẹ́rìí ti ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó tàbí kí wọ́n fa àgbélébùú sí i. Láti 1813, ìwé ìsàmì di èyí tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àyè fún orúkọ òbí méjèèjì, ibùgbé àti iṣẹ́ bàbá. Bí ẹ bá lè yan ọdún, ẹ yan èyí tó wà lẹ́yìn 1813 fún ọmọdé. Ó rọrùn láti kà.

Àwa ńkọ́? Àwọn èèyàn dúdú wà nínú ìwé wọ̀nyí tipẹ́. Ní ìjọ St Botolph, Aldgate, ní London, wọ́n sàmì fún Mary Fillis lóṣù kẹfà 1597. Akọ̀wé ibẹ̀ kọ ọ́ pé ará Morocco ni, pé ó tó ọmọ ogún ọdún, pé ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ló ń ṣiṣẹ́, àti pé agbọ̀n àti ṣọ́bìrì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe.

Èyí tó tiwa jù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas, Brighton. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1862 ni Sarah Forbes Bonetta fẹ́ James Davies níbẹ̀, oníṣòwò tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá ní Sierra Leone. Ọmọ Ẹ̀gbádò ni obìnrin yìí. Àwọn ará Dahomey ló kó o lẹ́rú, kí Captain Forbes, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, tó gbà á ní 1850, tó sì mú un dé ọ̀dọ̀ Queen Victoria. Orúkọ Forbes ló ń jẹ́, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi Forbes. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣáájú gbogbo ìyẹn: *Ina*. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa á kọjá lára rẹ̀. Àwa mọ̀ pé Àìná ni, ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ó ti lé lọ́dún méjìlá tó ti kúrò nílé, orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Bí ọmọ bá fẹ́ ojú ìwé sí i, òfin ìjọ ti 1978 ló mú kí ọ̀pọ̀ ìwé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún wà ní record office agbègbè, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, báyìí. Ẹ lè lọ kà wọ́n níbẹ̀, tàbí kí ẹ wá àwòrán púpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì FamilySearch. Bí ìwé ìjọ kan bá sọnù, ẹ béèrè àdàkọ tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún láyé àtijọ́. Kí ọmọ kọ orúkọ bó ṣe rí i gẹ́lẹ́, kó tó kọ bó ṣe rò pé ó yẹ kó jẹ́. Pẹ́ńsù ni kó mú lọ. Wọn kì í gba bírò láyè níbẹ̀.