Ṣásí Tacoma Mi Ti Dógùn-ún, Ṣé Kí N Tún Un Ṣe Àbí Kí N Tà Á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ìbàdàn ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Boston ló fi Toyota Tacoma 2006 ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá, òun fúnra ẹ̀ ti lò ó fún ọdún 11 kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dáa, gíà ò ní wàhálà kankan, inú ẹ̀ mọ́ tónítóní, òun ni mo fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátì láti oko wá sí Bódìjà. Ìgbà tí mo gbé e lọ yí sípíríǹgì ẹ̀yìn ni mẹkáníìkì pè mí pé kí n wá wo abẹ́ ẹ̀. Ṣásí ti dógùn-ún, ó ń ṣí bí èèpo igi, ibì kan wà lókè áàsù ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) tó ti luhò, ìka mi méjì wọ ibẹ̀. Wẹ́dà ní ọjọ́ mẹ́ta péré lòun máa fi lẹ páànù mọ́ ọn, ₦350,000. Ìyàwó mi ní kí n tà á. Èmi ò mọ èyí tí màá ṣe o, torí owó pọ́ọ̀tù tí mo ti san, owó táyà mẹ́rin, ó ti pọ̀ jù kí n kàn gbé e sọnù báyìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rò pé mi ò moore.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kọ́kọ́ gbé mọ́tò yẹn kalẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé tòmátì ò ní dúró de ẹnì kankan, ṣùgbọ́n má fi kó ẹrù mọ́, má sì gbé èèyàn sẹ́yìn ẹ̀, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi yẹ abẹ́ ẹ̀ wò dáadáa.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé Tacoma ò dà bíi Corolla tàbí Sienna tó jẹ́ pé bọ́dì ẹ̀ náà ni egungun ẹ̀. Tacoma, Hilux, 4Runner, irin méjì gígùn ló wà nísàlẹ̀, òun ni ṣásí, tí wọ́n gbé bọ́dì lé lórí tí wọ́n sì fi bóòtù dè é. Ẹ́ńjìnnì, áàsù, sípíríǹgì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó o kó, irin méjì yẹn ni gbogbo ẹ̀ rọ̀ mọ́. Ibi tí ihò tìẹ wá wà gan-an, ibẹ̀ ni ìwúwo ẹrù ti ń pàdé gìrìgìrì ojú ọ̀nà. Ká ní ọwọ́ iwájú lọ́hùn-ún ni, níbi tí bọ́ńpà so mọ́, ọ̀rọ̀ mi ò bá yàtọ̀.

Iyọ̀ ló fà á. Ní Boston, tí yìnyín bá ti bolẹ̀ nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kó lè yọ́, táyà á wá máa ta omi iyọ̀ yẹn sábẹ́ mọ́tò láti òwúrọ̀ dalẹ́. Apá kan ṣásí yẹn dà bí àpótí gígùn, inú ẹ̀ ṣófo, ó ní àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà wọlé. Tí ẹrẹ̀ bá wá dí ibi tó yẹ kó gbà jáde, inú ni irin á ti máa jẹ, ìta á ṣì máa dán. Ọdún 11 ni mọ́tò ẹ fi wà nínú ìyẹn.

Kì í ṣe ìwọ nìkan o. Lọ́dún 2016, ní Amẹ́ríkà, Toyota gbà láti parí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè lórí ṣásí tó ń jẹrà, Tacoma 2005 sí 2010 wà nínú ẹ̀, Tundra 2007 àti 2008 náà, àti Sequoia 2005 sí 2008. Àsìkò àdéhùn yẹn ti kọjá, Amẹ́ríkà nìkan ló sì wà fún, má wulẹ̀ dààmú pé o fẹ́ gba owó. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni kó o wò. Mọ́tò tí ṣásí ẹ̀ ò tíì luhò, wọ́n á kun oògùn tí ò ní jẹ́ kí ìpáàrà tún jẹ ẹ́ mọ́. Èyí tó bá ti luhò débi kan, ṣe ni wọ́n ń yọ odindi ṣásí kúrò tí wọ́n ń gbé tuntun sí i. Toyota tó ṣe mọ́tò náà fúnra wọn ò lẹ páànù mọ́ ọn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, bàbá kan gbé píkọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀ kan ò pa dáadáa mọ́. Mi ò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tí mo fi rí àlàfo tó wà láàárín orí mọ́tò àti ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Lókè, àwọn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, nísàlẹ̀, odindi ọwọ́ mi wọ ibẹ̀. Mo bá wọ abẹ́ ẹ̀. Wọ́n ti lẹ páànù mọ́ ṣásí lẹ́yìn kábíìnì, páànù tuntun tó nípọn, wọ́n tún fi pẹ́ǹtì dúdú kùn ún. Páànù yẹn ò ṣe nǹkan kan o. Irin àtijọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ya bí bébà, ó ya tẹ̀ lé etí ojú wẹ́ẹ̀dì lọ gbọọrọ, apá òkè nìkan ló kù tó ń dì í mú. Bàbá yẹn gbé e wá láti Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ-ọmọ ẹ̀ méjì jókòó síwájú. Mo gbé àga fún un kó jókòó kí n tó fi hàn án.

Nítorí náà, tí wẹ́dà bá sọ pé òun á bò ó, bi í pé kí ló fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò kí wọ́n fọ abẹ́ ẹ̀ mọ́ dáadáa, kó gbẹ, kó o wá gbé e sókè (jáàkì nìkan ò tó o, fi nǹkan tó lágbára tì í kó o tó wọ abẹ́ ẹ̀), kó o mú òòlù kékeré kan, kó o máa kàn án díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn lápá méjèèjì. Irin tó yè á dún ganran-ganran, ọwọ́ rẹ á sì mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó ti kú á dún pọ̀ pọ̀ bí igi tí ikán ti jẹ, ìpáàrà á sì máa já bọ́ sójú ẹ. Ibi tó bá dún bẹ́ẹ̀, fi ẹnu sukudíráìfà tì í. Yẹ ibi tí sípíríǹgì so mọ́ ṣásí wò níwájú àti lẹ́yìn, òkè táyà àpòjù, àti àwọn páìpù bíréèkì, torí irin làwọn náà, iyọ̀ ò ní dá wọn sí.

Ká ní ojú irin nìkan ló pupa ni, búrọ́ọ̀ṣì onírin, oògùn ìpáàrà àti pẹ́ǹtì ló máa ná ẹ. Tó bá jẹ́ ihò kékeré kan síbi tí ẹrù ò tẹ̀, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè gé gbogbo ibi tó kú kúrò títí á fi kan irin tó yè, kó tó fi òmíì rọ́pò ẹ̀. Kó yọ okùn bátìrì kó tó tanná o, kó sì gbé táńkì epo kúrò tó bá sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tó o ṣàlàyé yìí, lókè áàsù, tó tún ń ṣí bí èèpo, èmi ò ní gbà kí àbúrò mi san ₦350,000 yẹn.

Ohun méjì ló kù. O lè wá ṣásí tọ́kùnbọ̀ tó yè, bóyá ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó, kí wọ́n gbé bọ́dì rẹ lé e. Iṣẹ́ ńlá ni, o sì gbọ́dọ̀ bá àwọn ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ ìwé mọ́tò sọ̀rọ̀ ṣáájú torí nọ́ńbà tó wà lára ṣásí, tí ò bá bá ìwé ẹ mu wọ́n lè gba mọ́tò lọ́wọ́ ẹ lójú títì. Béèrè iye tí Tacoma bíi tìẹ tí ṣásí ẹ̀ yè ń lọ lọ́jà báyìí. Tí gbogbo ìnáwó ṣásí bá ti ju ìdajì iye yẹn lọ, fi í sílẹ̀. Owó pọ́ọ̀tù àti ti táyà, má kà á mọ́ ọn, o ti ná an, kò ní padà bọ̀ bóo tún un ṣe bóo tà á.

Èkejì ni kó o tú u tà, èyí ni màá ṣe ká ní èmi ni. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì 4.0 V6 ló wà nínú ẹ̀, 1GR ni wọ́n ń pè é, òun náà ló wà nínú 4Runner àti àwọn Prado kan, àwọn tó ń wá a ò wọ́n. Gíà, ilẹ̀kùn, iná, ìjókòó, gbogbo ẹ̀ ló máa tà, táyà mẹ́rin tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà ńkọ́. Tó bá sì jẹ́ odindi lo fẹ́ tà á, fi ihò yẹn han ẹni tó fẹ́ rà á. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pẹ́ǹtì dúdú bò ó fún ẹ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ẹ, ya fọ́tò ihò yẹn kó o fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kó o sì pè é lálẹ́. Ẹni tó fi mọ́tò ránṣẹ́ sí ẹ kó o lè rí jẹ ò ní fẹ́ kó pa ẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ pẹ̀lẹ́ o sà. Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé. Mazda mi ò yege MOT (àyẹ̀wò mọ́tò tí òfin ibí fi dandan lé), wọ́n ní ìpáàrà ti jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún wọlé nítòsí ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó so mọ́. Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n ra bọ́dì fílà (nǹkan tí wọ́n ń pò láti fi dí ihò ara mọ́tò), pé òun á bá mi dí i lọ́jọ́ Sátidé.

Ìdáhùn: Àǹtí wa, ẹ má jẹ́ kó dí i. Tí ìpáàrà bá ti sọ irin di hẹ́gẹhẹ̀gẹ láàárín 30cm sí ibi tí bẹ́líìtì so mọ́, MOT ò ní gbà á, wọn ò sì gba fílà dípò irin. Wẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa fẹ́ rí, kó sì lọ yí ká láìdáwọ́ dúró. Mazda tiyín ò ní ṣásí lọ́tọ̀, bọ́dì yẹn náà ló di bẹ́líìtì mú lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi le mọ́ ọn. Ẹ ní kí gáréèjì méjì kọ iye tí wọ́n máa gbà sílẹ̀ fún yín, kí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣí ike tó bo ibẹ̀, torí ihò tí wọ́n rí níta sábà máa ń kéré sí èyí tó wà nínú. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣe MOT náà ni ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ sí kí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, wọn ò ní gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kejì.