Arọ wo ni ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa?

Ẹni tó béèrè ìtumọ̀ òwe "Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n" ní òun gbọ́ lórí rédíò pé, bí wòlíì bá ti ríran ibi, kí èèyàn gbàdúrà, kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Àlàyé yẹn bí mi nínú. Arọ inú òwe yìí kò jókòó. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa: tó bá gbọ́n. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Lójú tèmi, bí ẹ bá ń wá arọ náà, ọmọ ogun Ìbàdàn ni, ní Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840. Ìlọrin gbógun ti ìlú náà, Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pé kí wọ́n gba àwọn. Ẹṣin ni Ìlọrin gbójú lé. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ta ni yóò fẹsẹ̀ sá fún ẹlẹ́ṣin? Arọ ni ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ti mọ ìjà ẹṣin tẹ́lẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ẹni tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Balógun Ọdẹ́rìnlọ kò kó wọn pàdé ẹṣin lọ́sàn-án gangan. Òru ni wọ́n já lu àgọ́ Ìlọrin, ẹṣin ṣì wà lórí ìso. Ìtàn sọ pé àwọn kan fò gun ẹṣin láìtú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń gún un ní kẹ́sẹ́, kò sì lè kúrò lójú kan. Ẹ wò ó, àwọn ẹlẹ́ṣin ló wá di arọ! Láti ọjọ́ náà ni Ìlọrin kò ti rí ọ̀nà wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ́.

Nítorí náà, olórí ni òwe yìí ń bá wí: amí ti mú ìròyìn wá, kí lo fi ṣe? Àwọn kan á ní Ògèdèǹgbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà, ni ká fi ṣàpẹẹrẹ, torí ó ti gbé láàárín Ìbàdàn kó tó kojú wọn ní Kírìjí, ogun tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà. Òótọ́ ni, àmọ́ ti Òṣogbo ló bá òwe yìí mu jù.

Ó dùn mí pé èrò ń rọ́ lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun lọ́dọọdún, wọ́n ń ya fọ́tò, ẹnikẹ́ni kò sọ ìtàn òru yẹn fún wọn. Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ Ọdẹ́rìnlọ rí.