Báwo ni mo ṣe lè fi cmd mọ̀ bóyá Windows 10 tàbí Windows 11 ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi?

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ cmd, kí ẹ sì tẹ Enter. Nínú ojú dúdú tó bá yọ, ẹ kọ:

ver

Èsì tí ẹ máa rí yóò dà bíi Version 10.0.22631, pẹ̀lú nọ́ńbà díẹ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí 10.0 yẹn tàn yín o. Windows 11 náà ń kọ 10.0, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rò pé Windows 10 ṣì ni àwọn ń lò. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò: tó bá ti tó 22000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Windows 11 ni. Tí kò bá tó o, bíi 19045, Windows 10 ni. (Kọ̀ǹpútà tí a ń lò nílé tàbí ní ọ́fíìsì ni mo ń sọ, ti server yàtọ̀.)

Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà nọ́ńbà lè kọ:

systeminfo | findstr /C:"OS Name"

Ó máa ń falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ gan-an ló máa kọ. Tó bá jẹ́ pé èdè Faransé ni Windows yín ń sọ, bí ó ti wọ́pọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, kò ní rí “OS Name” kankan. Ẹ kọ systeminfo nìkan.

Lórí Mac, sw_vers ni. Lórí Linux, cat /etc/os-release ni. Àṣẹ uname -r kò ní sọ ju ti kernel (ìpìlẹ̀ inú ètò náà) lọ.